Àga Akọ́nimọ̀ọ́gbá: Ọ̀nà Tí Amodu, Keshi àti Tony Dungy Jọ Rìn

Bí ikọ̀ Super Eagles bá pàdánù lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó máa ń gba ẹnu àwọn ènìyàn ní àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, títí lọ dé Ìgándò: "Ẹ lọ mú òyìnbó wá." Èrò náà ti pẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi í léèrè mọ́. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ, ó ti dé inú àjọ NFF tí ń darí eré bọ́ọ̀lù, ó sì ti di ìwà. Bẹ́ẹ̀, bí a bá tú ìtàn wò, a ó rí i pé èrò yìí ní ìbátan ní Amẹ́ríkà, níbi tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ti yàtọ̀ pátápátá sí tiwa. Lọ́hùn-ún, àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò ní làákàyè tí a fi ń darí ikọ̀. Níhìn-ín, àwa aláwọ̀ dúdú ni a ń sọ ọ́ sí ara wa.

Ìtàn Shuaibu Amodu ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ sọ. Ní ọdún 2001, nígbà tí wọ́n lé Bonfrere Jo, ará Netherlands, ọ̀nà Nàìjíríà sí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé 2002 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Amodu ni wọ́n sáré ké sí. Ó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù náà jọ, wọ́n borí nínú àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kù, wọ́n sì fi àmì ayò 3 sí òdo na Ghana ní Port Harcourt láti gba ìwé ìwọlé sí Kòríà àti Japan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, ó kó wọn lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali, wọ́n sì ṣe ipò kẹta. Èrè rẹ̀ kò ju pé wọ́n lé e lọ. Ẹni tó la ọ̀nà kọ́ ni ó gba ibẹ̀ kọjá.

Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ bíbí Modákẹ́kẹ́, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ kí ìdíje àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ yìí. Òun ni ó darí ikọ̀ Nàìjíríà dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Abidjan ní ọdún 1984, níbi tí Cameroon ti fi 3 sí 1 borí wọn. Ní Kòríà àti Japan, Argentina fi ayò 1 sí òdo na ikọ̀ rẹ̀, Sweden na wọ́n ní 2 sí 1, àwọn àti England sì ta ọ̀mì láìsí góòlù. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni Onígbìndé ti fi ọmọdékùnrin ẹni ọdún 19 kan sí ojú ilé. Vincent Enyeama ni orúkọ ọmọ náà, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́lé tó dára jù lọ tí Nàìjíríà tíì ní. Síbẹ̀, àmì kan ṣoṣo tí wọ́n mú bọ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń rántí bàbá.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Amodu tún ṣẹlẹ̀ sí i. Òun náà ni ó tún kó Super Eagles gba ìwé ìwọlé sí ìdíje àgbáyé ti ọdún 2010. Ó tún ṣe ipò kẹta ní ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní Angola lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n mú wá: Lars Lagerbäck, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n jọ darí Sweden nígbà tó na Onígbìndé ní 2002. Ní South Africa, Argentina na Nàìjíríà ní 1 sí òdo, Greece nà án ní 2 sí 1, òun àti South Korea sì ta ọ̀mì 2 sí 2. Àmì kan ṣoṣo ni òyìnbó náà mú bọ̀, bí iye tí Onígbìndé mú bọ̀ gan-an. Kí ni a wá fi owó rà tí a kò ní nílé?

Kí á tó dáhùn ìbéèrè yìí, ó yẹ kí á sọdá òkun. Nínú bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, ènìyàn mọ́kànlá ni ó máa ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù wọn ṣe ṣóńṣó ní ìhà méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n ń pè ní quarterback ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ bí ikọ̀ rẹ̀ bá ń kọlu ẹgbẹ́ kejì. Òun ni yóò pinnu, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, bóyá kí òun jù ú síwájú, kí òun gbé e fún ẹni tí yóò sáré, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ sá a lọ. Òun ni ojú àti ẹnu akọ́nimọ̀ọ́gbá lórí pápá. Nítorí pé iṣẹ́ làákàyè ni wọ́n kà á sí, àwọn tó ni àwọn ẹgbẹ́ náà kò fẹ́ fi í sí ọwọ́ aláwọ̀ dúdú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n gbà pé dúdú lè sáré, ó sì lè kọlu ènìyàn. Pé ó lè ronú ni wọn kò gbà.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Marlin Briscoe. Ní ọdún 1968, ó gba ipò quarterback ní ẹgbẹ́ Denver Broncos, ó sì ju bọ́ọ̀lù tó di ayò 14 ní sáà kan ṣoṣo náà. Nígbà tí sáà kejì yóò fi dé, kò sí àyè fún un ní ipò náà mọ́. Ó lọ sí Buffalo, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹni tí ń sáré gba bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn jù. Warren Moon ní tirẹ̀ kò rí ẹgbẹ́ kankan tó yàn án ní ọdún 1978. Ó kọjá sí Kánádà, ó gba ife ẹ̀yẹ wọn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún léraléra pẹ̀lú Edmonton, kí Houston tó gbà á ní 1984. Ọdún 1988 ni Doug Williams wá di quarterback aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife Super Bowl, nígbà tí ẹgbẹ́ Washington fi 42 sí 10 lu Denver.

Àga akọ́nimọ̀ọ́gbá kò yàtọ̀. Fritz Pollard, aláwọ̀ dúdú, jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Akron ní ọdún 1921. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọdún 1989 kí aláwọ̀ dúdú mìíràn, Art Shell, tó jókòó sí irú àga bẹ́ẹ̀ nínú líìgì náà. Ọdún 68 ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Tony Dungy ni ìtàn rẹ̀ sún mọ́ ti Amodu jù lọ. Quarterback ni nígbà tó wà ní Yunifásítì Minnesota. Nígbà tó dé líìgì àwọn tó ń fi eré náà ṣe iṣẹ́ jẹun, wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ìhà ìdènà. Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gba ẹgbẹ́ Tampa Bay nígbà tí àwọn ènìyàn ń fi ẹgbẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì sọ ọ́ di ẹgbẹ́ tí àwọn yòókù ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn sáà 2001, wọ́n lé e, wọ́n fi Jon Gruden, aláwọ̀ funfun, rọ́pò rẹ̀. Sáà tó tẹ̀ lé e gan-an ni Gruden fi ikọ̀ tí Dungy kọ́ gba Super Bowl. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàárín ìtàn yìí àti ti Amodu ni pé àwọn tó gba àga Amodu kò gba ife kankan.

Àmọ́ Amẹ́ríkà kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò méjì, Johnnie Cochran àti Cyrus Mehri, gbé ìwádìí jáde ní 2002 lórí bí wọ́n ṣe ń fi ìyà jẹ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá aláwọ̀ dúdú. Ní 2003, líìgì náà gbé òfin kan kalẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Dan Rooney pè: ẹgbẹ́ tó bá ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ wá ó kéré tán ẹnì kan tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun lẹ́nu wò. Òfin náà kò ní kí wọ́n gbà á sí iṣẹ́; ohun tó ní ni pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé 2007, Dungy pẹ̀lú ẹgbẹ́ Indianapolis àti Lovie Smith pẹ̀lú ẹgbẹ́ Chicago pàdé ní Super Bowl. Aláwọ̀ dúdú ni akọ́nimọ̀ọ́gbá méjèèjì. Dungy ni ó borí, 29 sí 17. Nínú ikọ̀ Chicago lọ́jọ́ náà, a rí orúkọ Yorùbá méjì: Adewale Ogunleye àti Brendon Ayanbadejo. Ìjà kò tíì parí níbẹ̀ o, nítorí ní 2022, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan, Brian Flores, ṣì pe líìgì náà lẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n ti gbà pé àìsàn wà.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé, sọ́dọ̀ Stephen Keshi. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ni balógun ikọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia ní 1994. Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ilẹ̀ Togo ni ó ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ńlá, ó kó wọn gba ìwé ìwọlé sí ìdíje àgbáyé 2006, èyí tí Togo kò ṣe rí. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú Otto Pfister ará Jámánì wá dípò rẹ̀. Pfister kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ìjà owó láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àjọ wọn, ó tún padà, Togo sì pàdánù gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní òpin 2011, Nàìjíríà fún Keshi ní iṣẹ́. Nígbà tí ìdíje 2013 dé, ó fi àwọn gbajúmọ̀ bíi Osaze Odemwingie àti Obafemi Martins sílẹ̀, ó mú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, bíi Sunday Mba àti Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars Àkúrẹ́. Wọ́n na Ivory Coast, wọ́n na Mali, góòlù Mba sì borí Burkina Faso ní àṣekágbá ní Johannesburg, ní ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé. Keshi di ẹnì kejì tí yóò gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó kéde pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn aláṣẹ ti pinnu láti lé òun kí àwọn tó pàdé Ivory Coast. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó dúró. Ọdún tí ó gba ife yẹn náà ni ó ṣe iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìrí owó oṣù gbà.

Ní oṣù Òkúdù 2016, Keshi kú ní ẹni ọdún 54. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Amodu náà fi kú, ní ẹni ọdún 58. Ẹnu tó ti bú wọn ni ó wá ń kì wọ́n.

Àwọn kan yóò sọ pé òyìnbó ti ṣe dáadáa fún wa rí, òótọ́ sì ni. Otto Glória ará Brazil ni ó darí ikọ̀ tó gba ife ní 1980. Clemens Westerhof ni ti 1994, Bonfrere Jo sì ni ti góòlù Olympics ní Atlanta ní 1996. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti Westerhof dáadáa. Ó dé ní 1989. Ó pàdánù àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1990, ó ṣe ipò kẹta ní 1992, ní 1994 ni ó tó gba ife náà. Ipò kẹta tí wọ́n torí rẹ̀ lé Amodu lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n fi fún Westerhof ní àyè sí i. Gernot Rohr ará Jámánì náà lò ju ọdún márùn-ún lọ, láti 2016 dé 2021. Nínú Onígbìndé, Amodu àti Keshi, kò sí ẹni tí a fún ní ọdún márùn-ún léra wọn. Ohun tí a fún òyìnbó tí a kò fún ọmọ ilé ni àkókò. Iṣu tí a kò jẹ́ kó ta, a kò lè sọ pé kò dùn.

Àìsàn náà kò tíì fi wá sílẹ̀. Ní oṣù Igbe 2024, wọ́n fi Finidi George, ọ̀kan nínú àwọn akọni 1994, jẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó ta ọ̀mì pẹ̀lú South Africa, ó sì pàdánù sọ́wọ́ ilẹ̀ Benin, èyí tí Rohr tí a lé ń darí. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n kéde pé àwọn yóò mú òyìnbó wá fi ṣe olórí rẹ̀. Finidi fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù Òkúdù tó parí. Bruno Labbadia ará Jámánì tí wọ́n kéde pé yóò wá, kò wá mọ́. Augustine Eguavoen, ọmọ ilé, ni ó di àga náà mú títí di ìgbà tí wọ́n yan Éric Chelle, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Mali, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025.

Kò sí ẹni tó ní kí á fún ọmọ ilé ní iṣẹ́ nítorí pé ọmọ ilé ni. Ohun tí ìtàn ń béèrè ni pé kí òṣùwọ̀n jẹ́ ọ̀kan: kí ìwé àdéhùn ọmọ ilé gùn tó ti àlejò, kí owó oṣù rẹ̀ wọlé lásìkò, kí ẹni tó gba ìwé ìwọlé sí ìdíje sì jẹ́ ẹni tí yóò kó ikọ̀ lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Alímọ̀ṣọ́ ju bí ó ti rí lójú lọ. Ogenyi Onazi, tó wà nínú ikọ̀ Keshi ní 2013, ti gbá bọ́ọ̀lù ní My People FC, ẹgbẹ́ tí olóògbé T.B. Joshua ti Ìkòtún dá sílẹ̀, kó tó kọjá sí Lazio ní Ítálì. Àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù lórí pápá erùpẹ̀ láàárín Ìgándò àti Ẹ̀gbẹ́dá kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ ilé ni wọ́n, àwọn ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ọmọ lé ọ̀nà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà dé góńgó, tó sì wo ẹ̀yìn wò, Amodu àti Keshi ni yóò rí. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí níbẹ̀ ni yóò sọ bóyá yóò tẹ̀síwájú tàbí yóò lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.