Kí Cuppy tó dé: akọ̀ròyìn méjì tó di gómìnà Èkó

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo wa la mọ DJ Cuppy. A mọ bàbá ẹ̀ náà, Fẹ́mi Ọ̀tẹ́dọlá, olówó epo. Ẹni tó bí Fẹ́mi ńkọ́? Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí ó ṣe gómìnà rí." Òótọ́ ni. Àmọ́ kó tó di gómìnà, akọ̀ròyìn ni. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀.

2/ Ọjọ́ 16, oṣù keje, ọdún 1926 ni wọ́n bí Michael Ọ̀tẹ́dọlá ní Odoragunsin, lágbègbè Ẹ̀pẹ́. London ló ti kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, ní Regent Street Polytechnic. Poly ni o! Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi HND yín ṣe yẹ̀yẹ́ n'Íkòròdú, ẹ gbọ́ o.

3/ Nígbà tó padà sílé, ìjọba Western Region n'Íbàdàn ló lọ bá ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka ìròyìn. Kí ló gbé ọmọ Ẹ̀pẹ́ dé Ìbàdàn? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ rèé: kò sí Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà yẹn. Ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, abẹ́ ìjọba Ìbàdàn ni Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Ìkẹjà àti Bàdágìrì wà. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ìlú Èkó ní tiẹ̀. Lọ́dún 1964, Bàbá kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sí Mobil, ó ń bá wọn bójú tó ọ̀rọ̀ aráàlú àti oníròyìn.

4/ Akọ̀ròyìn kejì dà? Lateef Jákàńdè ni. Òmù-Àrán ni àwọn òbí ẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1929. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: Ẹ̀pẹ́-tẹ̀-dó. Lọ́dún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, ó sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tó padà wálé lọ́dún 1862, àwọn èèyàn tó tẹ̀ lé e láti Ẹ̀pẹ́ ló tẹ àdúgbò yẹn dó. Ibẹ̀ náà ni MKO ti kéde ara ẹ̀ ní ààrẹ lọ́dún 1994.

5/ Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Jákàńdè ò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wà ní Ilesa Grammar School, láti 1945, òun ni olóòtú ìwé ìròyìn iléèwé wọn, Quarterly Mirror. Lọ́dún 1949 ó dé Daily Service. Lọ́dún 1953 ó bọ́ sí Tribune, ibẹ̀ ló ti ń fi orúkọ "John West" kọ̀wé. Nígbà tí wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n lọ́dún 1963, wọ́n rán òun náà. 1966 ni wọ́n tú u sílẹ̀.

6/ Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ẹ̀. Kó tó di 1999, èèyàn méjì péré ni aráàlú dìbò yàn ṣe gómìnà Èkó. Jákàńdè, 1979 sí 1983. Ọ̀tẹ́dọlá, 1992 sí 1993. Akọ̀ròyìn ni àwọn méjèèjì! SDP ló lẹ́nu l'Ékó nígbà ìbò ti Ọ̀tẹ́dọlá, NRC lòun wà. Ìjà tí àwọn SDP ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn méjèèjì, ológun ló lé wọn kúrò.

7/ Wọ́n fi orúkọ Ọ̀tẹ́dọlá sọ college ní Noforija, l'Épẹ̀ẹ́ ńbẹ̀ yẹn: MOCPED. Èyí tó wà n'Íjàníkin ń jẹ́ orúkọ Adéníran Ògúnsànyà, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú, ọmọ Ìkòròdú. Lọ́dún 2022, ìjọba pa méjèèjì pọ̀, wọ́n di LASUED. Laspotech n'Íkòròdú di LASUSTECH lọ́dún yẹn kan náà. Inú mi dùn pé wọ́n di yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ lọ́dún yìí lè gboyè jáde láìmọ ẹni tó ń jẹ́ Ọ̀tẹ́dọlá tàbí Ògúnsànyà. Bí ìtàn ṣe ń sọnù nìyẹn, kò sẹ́ni tó jà, kò sẹ́ni tó pariwo.

8/ Ìdí tí mo fi kọ ọ́ rèé. Àwọn ọmọ iléèwé wà n'Íkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tó ń kọ ìròyìn bọ́ọ̀lù láàárín department, tí wọ́n ń dúró nínú oòrùn láti ka iye góòlù. Wọ́n máa ń ní kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe. Lọ́dún 2024, Ikorodu City bọ́ sí líìgì tó ga jù ní Nàìjíríà. Ta ló máa kọ ìtàn wọn sílẹ̀ bí kì í ṣe ọmọ àdúgbò tó ti ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ tipẹ́? Quarterly Mirror ò ju ìwé ìròyìn iléèwé lọ. Ẹ máa kọ ọ́ lọ. Ẹ kọ déètì sí i, ẹ kọ orúkọ èèyàn pé, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀ dáadáa.

Tó o bá ní ọ̀rẹ́ tó ń kọ̀ròyìn níléèwé, jọ̀ọ́, fi èyí ránṣẹ́ sí i.