Ojúbọ, Ilé Eré àti Ẹni tí Yóò Tún Òrùlé Ṣe

Láyé àtijọ́, àwọn ìlú Yorùbá kò ya ilé àṣà sọ́tọ̀ kúrò lára ilé òrìṣà. Igbó òrìṣà ni wọ́n ń kó ère sí, iwájú ààfin ni pápá ijó, ojúbọ sì ni gbọ̀ngàn. Kò sí àpótí owó kan tí wọ́n kọ "àṣà" sí lára, síbẹ̀ ètò iṣẹ́ náà le. Ọjọ́ ọdún ni ó ń gbé e ró. Bí ọdún bá ti ń súnmọ́lé, agbo ilé kan yóò ro ọ̀nà igbó, òmíràn yóò pààrọ̀ koríko òrùlé, àwọn obìnrin yóò fi ọwọ́ pa ògiri ojúbọ, wọn yóò sì kùn ún lọ́dà. Ohun tí wọ́n bá fi rúbọ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ iṣẹ́ tirẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò rí i lọ́jọ́ ọdún, nítorí ojú ibẹ̀ gan-an ni òjò yóò ti jò.

Ìlú Ìkọ̀yà, níbi tí Abodi ti ń jọba, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí ọ̀pẹ pọ̀ sí. Igi tí ikin Ifá ti ń wá náà ni ó rán ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkálẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Epo pupa ń lọ sí iwájú òrìṣà, owó rẹ̀ sì ń ra aṣọ ọdún. Epo mìíràn, èyí tí wọ́n ń wà láti abẹ́ ilẹ̀ àti abẹ́ òkun, ni ó yí ìṣirò náà padà ní Nàìjíríà.

Ní ọdún 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ìjọba ológun parí National Theatre ní Ìgànmú, ní Èkó. Ilé kan tí ó wà ní Varna, ní orílẹ̀-èdè Bùlgáríà, ni wọ́n wò kọ́ ọ. Ó rí bí fìlà ológun, gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ sì gba 5,000 ènìyàn. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn aláwọ̀ dúdú láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50 wá ṣe FESTAC. Ìlú jó, ìlú yọ̀. Àlejò lọ tán, òjò dé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, òrùlé ń jò, ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́. Ìjọba gbèrò láti fi ilé náà lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́, àwọn òṣèré fárígá. Ọdún 2021 ni wọ́n tó fà á lé Báńkì Àpapọ̀ àti ìgbìmọ̀ àwọn báńkì lọ́wọ́ fún àtúnṣe; ní 2024, wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é nígbà tí ó pé ẹni 90 ọdún. Kì í ṣe títóbi ni àbùkù ilé náà. Wọ́n ṣírò owó ìkọ́lé, wọn kò ṣírò owó ọdún kẹwàá.

Ọ̀nà mìíràn ni Òṣogbo gbà. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ń gé igi nínú igbó Ọ̀ṣun, àwọn ọdẹ ń wọ̀ ọ́, àwọn ilé ojúbọ sì ń bàjẹ́. Susanne Wenger, ayàwòrán ọmọ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí àwọn olórìṣà sọ ní Àdùnní, kò dúró de owó ìjọba. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ni ó bá ṣiṣẹ́. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà, di ẹni tí ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Buraimoh Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni òfin wá dé: ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 1992, ààbò náà kárí gbogbo hẹ́kítà 75, ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé. Ní ọdún 2005 kan náà ni UNESCO kéde Ifá pẹ̀lú, tí ó sì wọ ìwé àkójọ rẹ̀ ní 2008. Ìyì ńlá ni, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kì í lẹ ògiri. Òjò ṣì ń fọ ère igbó Ọ̀ṣun, láti ìgbà tí Àdùnní sì ti kú ní 2009, àtúnṣe kò tíì tán nílẹ̀ fún ẹgbẹ́ Adunni Olorisha Trust àti àjọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun tí ó mú iṣẹ́ náà dúró ni pé ọdún kò dá: oṣù Kẹjọ ń bọ̀, arugbá yóò gba ọ̀nà náà kọjá, ọ̀nà náà sì gbọ́dọ̀ mọ́.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti kọ́ Dome sí Àkúrẹ́ fún àṣà àti àpèjẹ. Kò pọn dandan kí Ìkọ̀yà tọrọ irú rẹ̀. Ilé kékeré ni ó yẹ ìlú bẹ́ẹ̀: ibi tí ọpọ́n, agere àti ìrọ́kẹ́ àtijọ́ kò ti ní rin, yàrá tí àwọn ọmọ awo yóò ti máa ké ẹsẹ, iyàrá ìlù, omi àti ilé ìgbẹ́ fún àlejò (èyí tí àwọn olùṣètò ọdún sábà máa ń rántí láàárọ̀ ọjọ́ ọdún). Kí wọ́n tó mọ búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, ó yẹ kí ó wà lákọsílẹ̀ agbo ilé tí ó ni òrùlé, ẹgbẹ́ tí ó ni ọ̀nà, àti iye tí yóò kù sílẹ̀ nínú owó ìdáwó ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bá ra ẹran tán. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń pààrọ̀ páànù, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.