Ẹni tí ó Sọ̀kalẹ̀ Lórí Àga Ìjọba tí ó sì Di Alágbàwí: Ìtàn Òfin Kan ní Amẹ́ríkà

Ní ìgbà tí Ìbàdàn ń ṣe olórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í dédé gbé ọ̀ràn tirẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìjòyè kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní baba kékeré. Òun ni ó ń bá wọn gba ẹnu sọ níwájú àwọn àgbà ìjòyè, òun náà ni ìsìn wọn sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Baba kékeré lè jẹ́ ènìyàn rere, ó sì lè jẹ́ ọ̀jẹun. Ṣùgbọ́n ohun kan dájú nípa rẹ̀: orí oyè ni ó wà, gbogbo ayé ni ó sì mọ ìlú tí ó ń gba ẹnu sọ fún.

Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, àwọn tí ń gba ẹnu sọ fún ẹlòmíràn níwájú ìjọba pọ̀ púpọ̀. Alágbàwí ni a ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Ilé iṣẹ́ ńlá, ẹgbẹ́ oníṣòwò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àní ìjọba ilẹ̀ òkèèrè pàápàá, a máa san owó fún wọn kí wọ́n lè bá àwọn aṣòfin àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé láti ọdún 1791 ni òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà ti fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti gbé ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ lọ síwájú ìjọba. Ibi tí ọ̀ràn ti le ni èyí: bí ẹni tí ó jókòó lórí àga ìjọba lánàá, tí ó mọ àṣírí inú ilé, tí ó sì jẹ́ ọ̀gá àwọn tí ó kù níbẹ̀, bá padà wá lónìí láti jíṣẹ́ olówó kan, ǹjẹ́ etí tí a ó fi gbọ́ tirẹ̀ ni a ó fi gbọ́ ti àgbẹ̀ tí kò mọ ẹnì kan ní Washington? Ìbéèrè yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń wá ìdáhùn sí fún ohun tí ó lé ní àádọ́jọ ọdún.

Ogun abẹ́lé ọdún 1861 sí 1865 ni ó kọ́kọ́ là wọ́n lójú. Lẹ́yìn ogun náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba, àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sì kún inú àwọn ọ́fíìsì. Akọ̀wé tí ó ti tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ọ̀ràn ìjọba ti lágbára, ó sì mọ ibi tí ó ti rọ̀. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí ó lọ dúró ti ẹni tí ń béèrè owó, ìjọba ti fi ọbẹ ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe òfin ní oṣù kẹfà ọdún 1872 pé ẹni tí ó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ ṣe alágbàwí fún ọdún méjì lórí owó tí ẹnikẹ́ni ń béèrè, bí ẹ̀bẹ̀ náà bá ti wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà níbẹ̀. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀ràn owó bíbéèrè nìkan ni ó kàn.

Ní ọdún 1962 wọ́n tún àwọn òfin náà tò, wọ́n sì sọ pé ọ̀ràn tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò gbọdọ̀ ṣe alágbàwí lórí rẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Nixon fi ipò sílẹ̀ nínú ìtìjú ní ọdún 1974, àwọn ènìyàn ń fẹ́ ìjọba tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1978, Ààrẹ Carter fi ọwọ́ sí òfin tí ó wí pé òṣìṣẹ́ àgbà kò gbọdọ̀ padà lọ bẹ ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí ọdún kan yóò fi pé. Síbẹ̀, kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 1979, àwọn aṣòfin ti dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù pé àwọn ọlọ́gbọ́n yóò sá fún iṣẹ́ ìjọba.

Ìgbà Ààrẹ Reagan ni a dán òfin náà wò. Michael Deaver, ọ̀kan nínú àwọn tí ó sún mọ́ Ààrẹ jù lọ, kúrò ní White House ní oṣù karùn-ún ọdún 1985, ó sì di alágbàwí. Ìjọba Kánádà wà lára àwọn tí ó gba iṣẹ́ fún. Ní oṣù kejìlá ọdún 1987 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n irọ́ tí ó pa lẹ́yìn ìbúra ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a lẹ́bi, kì í ṣe iṣẹ́ alágbàwí. Ti Lyn Nofziger yàtọ̀. Òun kúrò ní White House ní oṣù kìíní ọdún 1982, kò sì pé ọdún kan tí ó fi padà bá wọn sọ̀rọ̀ nítorí ilé iṣẹ́ kan tí ń wá iṣẹ́ àgbàṣe lọ́wọ́ àwọn ológun. Wọ́n dá a lẹ́bi ní oṣù kejì ọdún 1988. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà, nítorí pé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti túmọ̀ òfin, ìjọba ní láti fi hàn pé ó mọ̀ pé ọ̀ràn náà kan White House gan-an. Báyìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò yé ènìyàn tó ṣe tú ẹjọ́ ńlá ká.

Títí di ìgbà yìí, òfin náà kò kan àwọn tí ó ṣe é. Ní ọdún 1989 ni àwọn aṣòfin tó fi ọrùn ara wọn sínú àjàgà náà fún ọdún kan; ní ọdún 2007 ni wọ́n sì sọ ọ́ di ọdún méjì fún àwọn aṣòfin àgbà. Síbẹ̀ ihò kò tán lára ògiri. Billy Tauzin, aṣojú láti Louisiana, ni alága ìgbìmọ̀ tí ó ní ọwọ́ nínú òfin ọdún 2003 lórí oògùn fún àwọn arúgbó, òfin tí kò gba ìjọba láyè láti bá àwọn tí ń ṣe oògùn dúnàádúrà. Ní oṣù kìíní ọdún 2005 ó fi ilé aṣòfin sílẹ̀, ó sì di olórí ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ oògùn. Kò rú òfin kankan. Òfin dí i lẹ́nu fún ọdún kan níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sọ pé kí ó má ṣe olórí, kò sì sọ pé kí ó má kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tí yóò sọ.

Àwọn Ààrẹ náà gbìyànjú tiwọn. Ní ọjọ́ tí Ààrẹ Clinton gba ìjọba ní ọdún 1993, ó pàṣẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ àgbà rẹ̀ búra pé wọn kò ní bẹ ẹ̀ka iṣẹ́ wọn fún ẹnikẹ́ni títí ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ ń kógbá wọlé ní oṣù kejìlá ọdún 2000, òun kan náà ni ó tú wọn sílẹ̀. Ààrẹ Trump, tí ó wá láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú kejì, pàṣẹ ọdún márùn-ún bẹ́ẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2017. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, bí ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, òun náà fagi lé e. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì kò jọ ara wọn, ṣùgbọ́n ìṣe àwọn méjèèjì jọra. Ìbúra tí ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ lè tú ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dè ènìyàn, ìbúra ẹnu lásán ni.

Àwọn tí kò fẹ́ kí òfin yìí le jù ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní ènìyàn kò lè fi ọgbọ́n orí rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, àti pé ẹni tí a bá lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí ó mọ̀, ebi ni a fẹ́ fi pa á. Ọ̀rọ̀ wọn ní láárí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹni tí ó lówó nìkan bá lè ra ẹnu tí ìjọba mọ̀, a jẹ́ pé ẹjọ́ ẹnìkan ni ìjọba ń gbọ́, kódà bí ìlẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Àfikún Karùn-ún ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbà kí ẹni tí ó ti ṣe Ààrẹ, igbákejì Ààrẹ, adájọ́ àgbà ilẹ̀ wa, gómìnà tàbí igbákejì gómìnà lọ ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn tí ó bá fẹ̀yìn tì. Kò sì gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fẹ̀yìn tì gba ju ipò olówó kan ṣoṣo lọ ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ìjọba. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń gba owó lé lórí ni àwọn ìlà wọ̀nyí ń ṣọ́. Ẹnu tí ó ń gbà sọ fún ẹlòmíràn ní kọ̀rọ̀, wọn kò dárúkọ rẹ̀. Ìtàn Amẹ́ríkà sì fi hàn pé ibi tí òfin kò bá dárúkọ ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ máa ń gbà wọlé. Àwọn ará ìlú tí ó wà lábẹ́ Ìbàdàn mọ baba kékeré wọn, Ìbàdàn pàápàá sì mọ̀ ọ́n. Ó kéré tán, ó yẹ kí ará ìlú òde òní mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ní etí ìjọba, kí ó mọ ẹni tí ó rán an, kí ó sì mọ àga tí ó jókòó lé kí ó tó dìde.