Òkú Èkó ní Ògùnpa: Ipa Àwọn Ìdílé Olóúnjẹ Nínú Ìtàn Ẹja Òkun ní Ìbàdàn

Ìfáàrà

Ìbàdàn kò sí létí òkun. Síbẹ̀, ẹja òkun kò ṣàjèjì nínú ìkòkò ọbẹ̀ ní Ògùnpa, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ọ̀nà tí ẹja náà gbà débẹ̀ àti ipa àwọn ìyá olóúnjẹ tí ìtàn kì í sábà dárúkọ.

Ọ̀nà Etí Òkun

Ṣáájú ọdún 1892, ìkáwọ́ Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà ọ̀sà wà. Láti irú ọjà bí Èjìnrìn ni iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ ti ń gòkè wá. Nígbà Ogun Kírìjí (1877 sí 1893), Ìjẹ̀bú a máa ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ogun Ìmàgbọ̀n ọdún 1892 ló fòpin sí agbára yìí. Ní ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn. Dùgbẹ̀, tí kò jìnnà sí Ògùnpa, ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà. Gbági di ojúkò òwò. Ibi tí èrò àti alábàárù bá sì pọ̀ sí, olóúnjẹ kò ní ṣàì débẹ̀.

Òkú Èkó

Ní ọdún 1957 ni Michael Ibru bẹ̀rẹ̀ òwò ẹja dídì láti Èkó. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ṣiyèméjì: ẹja náà kì í ṣe àyànyíngbẹ, kì í sì í ṣe tútù tó ń mí. Yorùbá wá sọ ọ́ ní òkú Èkó. Ẹ̀gàn wà nínú orúkọ náà. Síbẹ̀, kótè, títù àti ṣáwá di ohun tí tálákà lè rà nígbà tí apá rẹ̀ kò ká ẹran. Ibru kọ́ ilé ìtọ́jú ẹja dídì káàkiri, ó sì sọ òwò náà di ti ìdílé rẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 2016.

Àmọ́ yàrá yìnyín kì í se ọbẹ̀. Olóúnjẹ ló ń fi iyọ̀ fọ ẹja náà, tó ń dín in, tó ń gbé e sínú ọbẹ̀ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmàlà. Ẹni tí orúkọ òkú lè bà lẹ́rù lọ́jà yóò jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó fọkàn tán.

Ogún Láìsí Ìwé

Bí òwò Ibru ṣe jẹ́ ti ìdílé ni ti búkà náà. Ọmọbìnrin a máa pọnmi, a máa lọ ata, títí ìyá yóò fi fa ṣíbí ọbẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bí ìyá tilẹ̀ kú, orúkọ rẹ̀ ni oníbàárà ṣì ń pe ibẹ̀. Orúkọ àti ojúko ni ogún náà. Kò sí ìwé. Ìdí nìyí tí ewu fi pọ̀ níbi tí odò lè gba ojúko. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya. Àwọn tó kú lé ní igba. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ aláṣọ Gbági kó lọ sí Gbági Tuntun ní ọ̀nà Ifẹ̀, oníbàárà sì bá wọn lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Ẹni tó gbé ẹja dídì wá ní orúkọ nínú ìwé. Ó tọ́ kí àwọn tó sọ ẹ̀gàn di oúnjẹ náà ní in. Ẹni tó pé ogún ọdún ní 1957 ti di arúgbó báyìí. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn kí ilẹ̀ tó ṣú.