Oòrùn, Gílóòbù àti Àwọn Ọmọ Tuntun Wa ní Erékùṣù Èkó

Nọ́ọ̀sì yín ni o. Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ìtàn ni. Ẹni tí ojú ń dùn, kí ọmọọmọ bá wọn kà á sétígbọ̀ọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti rí ọmọ tuntun tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè ní ọjọ́ kẹta. Jọ́ńdíìsì ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwòsàn, àwọn àgbà ń pè é ní ibà pọ́njú. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ń gbó, tó ń fọ́, ló ń tú nǹkan kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bilirubin, ẹ̀dọ̀ ọmọ kò sì tíì lágbára tó láti kó o dànù. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Àmọ́ tó bá ti pọ̀ jù, ọpọlọ ló ń wọ̀ lọ. Ó lè pa ọmọ. Èyí tó bá yè é lè di adití, tàbí kí ọrùn rẹ̀ má dúró, kó má lè jókòó, kó má lè rìn. Ẹ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yín. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ẹlòmíràn nínú wọn, ibà pọ́njú tí a kò tọ́jú lásìkò ni.

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni ìtọ́jú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá ń sọ ọ́. Ní 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń jẹ́ Jean Ward máa ń gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé jáde síta kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ fẹ́ wọn. Ó wá fi ọmọ kan han àwọn dókítà. Gbogbo ara ọmọ náà ti mọ́, àfi ojú kan tí etí aṣọ bò, tó ṣì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìmọ́lẹ̀ ló fọ ìyókù. Dókítà Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gílóòbù ṣe ẹ̀rọ tó ń tan irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sára ọmọ, wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní 1958. Òun ni baba ńlá ẹ̀rọ aláwọ̀ búlúù tí ẹ ń rí ní wọ́ọ̀dù ọmọ lónìí.

Ẹ̀rọ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó kù: NEPA. Iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ kò ní dísù. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: gílóòbù ẹ̀rọ yìí lè máa tàn yòò lójú yín, kí agbára tó ń wo ọmọ sàn sì ti tán nínú rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i, irin iṣẹ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ibẹ̀ ni ìtàn náà ti kan Erékùṣù wa. Ní Island Maternity níbí, tí ọ̀pọ̀ nínú yín bímọ sí, Dókítà Bolajoko Olusanya ti Èkó àti Dókítà Tina Slusher láti Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Hendrik Vreman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Stanford, bi ara wọn pé: oòrùn tí Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Oòrùn lásán ń jó ara, ó sì ń mú kí ara ọmọ gbóná jù. Wọ́n wá ta kánópì, wọ́n fi irú rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò bò ó, èyí tó ń dí ìtànṣán tó léwu, tó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń wo ọmọ sàn kọjá. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn ìgbóná ara ọmọ léraléra. Ọmọ 447 ni wọ́n fi ṣe àfiwé, ìdajì lábẹ́ kánópì, ìdajì lábẹ́ ẹ̀rọ oníná. Nígbà tí èsì jáde ní 2015, kánópì ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọjọ́ 93 nínú 100 ọjọ́ ìtọ́jú, ẹ̀rọ oníná ní 90. Kò sí ọmọ kan tí wọ́n ní láti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èkó ni gbogbo ayé ti kọ́ ìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí kò ní kí ẹ tẹ́ ọmọ sínú oòrùn ní bálíkónì o! Oòrùn tí a sẹ́ ni wọ́n lò, lójú àwọn tó mọṣẹ́. Ẹ sì má fi kánfọ̀ sínú aṣọ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò gba òórùn rẹ̀, ńṣe ló ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà.

Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá dé láìjẹ́ pé wọ́n bi onílé. Nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ fa omi láti Ìjù, tí wọ́n fẹ́ kí ará Èkó san owó rẹ̀, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti ta kò ó. Omi náà dáa, ó dé ní 1915. Ìjà tó tẹ̀ lé e kì í ṣe nítorí pé omi burú. Lójú tèmi, ká ní wọ́n jókòó ti àwọn tó máa san owó kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀, ìjà náà kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. Ní 2011, àwọn olùwádìí méjì ka ẹ̀rọ ìṣègùn 112,040 ní orílẹ̀-èdè 16 tí owó kò pọ̀ sí. Ó lé ní 38 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò ṣiṣẹ́. Mo rí ọ̀kan lójú ara mi ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ: ẹgbẹ́ kan gbé ẹ̀rọ wá pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ya fọ́tò, ìlù dún. Kí ọdún tó yí po, gílóòbù kú, kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ̀rọ náà di ibi tí à ń sá tówẹ̀lì sí.

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yẹn wà nítòsí wa. Yunifásítì Èkó ní ẹ̀ka kan tó ń kọ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ ìṣègùn, Biomedical Engineering. Àwọn àti Yunifásítì Ìbàdàn ti bá Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà dòwò pọ̀ láti gbé ẹ̀kọ́ náà ró, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ṣe ohun tó bá ilé ìwòsàn tiwa mu. Ó dára. Àmọ́ èmi fẹ́ kí wọ́n tún sún mọ́ wa sí i. Láti Akọka, Afárá Kẹta nìkan ló wà láàárín. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru mọ ohun tó ń bàjẹ́ lára ẹ̀rọ, ìyá tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. Kò sí èyí nínú ìwé.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ra ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ni yóò máa tún un ṣe? Ibo la ti ń ra gílóòbù rẹ̀? Iná wo ni yóò lò? Ẹ ní kí ẹnjiníà ilé ìwòsàn náà bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde. Ẹ sì lè kọ ìwé sí ẹ̀ka yẹn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta wá sí ìpàdé yín. Ẹ fún wọn ní ṣin-ín-ṣin, ẹ sì sọ òtítọ́ fún wọn.

Èyí tó kù, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri: ọmọ tí ara rẹ̀ pọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tàbí tí pípọ́n rẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí kò fẹ́ mu ọyàn, tó ń sùn jù, tó ń ká ẹ̀yìn kò, tàbí tí igbe rẹ̀ ń dún gan-an-ran, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fún un ní àgbo tàbí omi glucose. Bó bá jẹ́ òru ni, òru náà ni kí ẹ gbé e.