Ìrẹsì Kérésì: Kí Ló Ń Mú Un Dùn?

Bí Kérésì bá ti ń súnmọ́lé báyìí, ọ̀rọ̀ ìrẹsì ló ń gbẹnu gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò díẹ̀.

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, iyán, àmàlà àti ẹ̀bà là ń jẹ. Ọjọ́ ọdún ni ìrẹsì ń jáde, ìyẹn lọmọdé fi ń ka ọjọ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní nǹkan bí 1970 sókè, ìrẹsì òkè òkun kún ọjà, ó di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ní 1985, ìjọba fòfin de kíkó o wọ̀lú. 1995 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n tún ti bodè, ó di Oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Ṣé Kérésì wá yẹ̀ ni? Rárá o! Ṣebí ìrẹsì Ọ̀fàdà tiwa ṣì wà nínú ewé. Àwo tó ń lọ sílé aládùúgbò gan-an ló ń mú ọdún dùn: ìrẹsì á lọ sílé Mùsùlùmí ní Kérésì, ẹran á padà wá nígbà Iléyá.

Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí owó àpò ìrẹsì sọ pé ẹ ò ní wálé lọ́dún yìí. Ẹni tó gúnyán náà ti ṣọdún. Ẹ máa bọ̀ jàre, ká jọ jẹun.