Kò Sí Físà, Àmọ́ Ìwé Wà

Kí òyìnbó tó fa ààlà, ẹni tó bá ti Ìmẹ̀kọ lọ sí Kétu ò ju ẹni tó ti ìyàrá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Lọ́dún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn lórí ààlà. Lónìí, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Ìmẹ̀kọ wà, Kétu wà ní Benin.

Lọ́dún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn mìíràn ní Dakar: ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn, kó lo ọjọ́ 90 láìgba físà. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n ní kò sí físà, àwa gbọ́ pé kò sí ìwé. Àdéhùn yẹn gan-an ló béèrè ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Nítorí náà, ìyá àgbà tó fẹ́ lọ sin òkú àbúrò rẹ̀ ní Kétu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ìwé. Ẹ jẹ́ ká tètè bá àwọn ìyá wa gbà á, kí òkú tó sùn.